Òkúta Mẹ́rin Nínú Aṣọ Aláró

Aké, Abẹ́òkúta
14 oṣù Kejì, 1860

Dìran, ọmọ mi,

O kú ojú omi, o kú òtútù, o kú ọdún mẹ́fà tí a kò fojú kan ara wa. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ dáadáa kí n tó sọ ohun mìíràn, ó sì jókòó tì mí kí n má baà gbàgbé. Ó kí ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Mọ́níkẹ́ kí ọ. Gbogbo ilé kí ọ.

Jùbrílù oníṣòwò epo ni ó wá bá mi nílé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí ó sọ pé òun rí ọ ní erékùṣù Fẹnandó Pó. Ó ní o so òòlù mọ́ ìdí, o ń tẹ̀lé òyìnbó kan lẹ́yìn, o gbé àpótí rù. Mo bi í pé kí ni ó wà nínú àpótí náà. Ó ní, “Bàbá Tíṣà, òkúta ni o! Ọmọ yín ń ṣa òkúta kiri bí ẹni ń ṣa ìgbín.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ di ikùn mú. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Mo ti kọ ìwé yìí nígbà mẹ́ta, mo sì ti fà á ya nígbà mẹ́ta, nítorí mo máa ń fi ọgbọ́n yẹ ohun tí ó yẹ kí n sọ. Ẹ̀ẹ̀kan yìí n ó sọ ọ́. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mo kọ ọ́ sí ojú pátákó ní kíláàsì pé ayé di ẹgbàáta ọdún. O dìde, ìwọ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí o ti ń bá mi kọ́ àwọn kékeré ní ábídí, o ní ọkùnrin arìnrìn-àjò kan fọ́ etí òkúta Olúmọ wò, ó sì sọ fún ọ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Mo nà ọ́ ní pàṣán lójú gbogbo wọn. Wọ́n ti na èmi náà rí ní oko ẹrú, kí wọ́n tó gbà mí sílẹ̀ lọ sí Sàró. Mo mọ bí ó ti ń dunni, síbẹ̀ mo nà ọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì ni pé ìwé rẹ dé lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún àkọ́kọ́. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ìwé kankan kò dé. Mo jẹ́wọ́ fún un ní ọdún tó kọjá. Ọjọ́ mẹ́jọ ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún kì í gbọ́ tèmi mọ́ ní òwúrọ̀. Ìyá rẹ ṣì ń rẹ aṣọ ní aró, àmọ́ ó ń di ọjọ́ dé ọjọ́ tí ó ń fi ọwọ́ wá ẹnu ìkòkò kí ó tó rí i. Wá sílé, Dìran. Kò sí ohun tí ó dí ọ lọ́nà níhìn-ín.

Bàbá rẹ,
Josiah Olúbọ̀dé


Fẹnandó Pó
3 oṣù Karùn-ún, 1860

[Mo gbà á ní 2 oṣù Kejì, 1861. — J. O.]

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín. Mo kí Ìyá mi, mo kí Ìyá Àgbà Mọ́níkẹ́. Ẹ kú ilé, ẹ kú àníyàn. Ìwé yín bá mi láàyè, mo sì kà á débi pé ó fẹ́ gbó.

Ẹ kọ ọ́ pé kò sí ohun tí ó dí mi lọ́nà. Bàbá, ohun kan wà, ẹ̀yin ni ẹ sì gbé e síbẹ̀. Lẹ́yìn pàṣán náà, ẹ tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹ ní, “Lọ mú ẹ̀rí wá, ẹ̀rí tí mo lè fi ọwọ́ ara mi dì mú. Ọjọ́ tí o bá mú un dé ni kí o tó tún wọ ilé mi.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá a kiri. Mo rò pé mo ti rí i.

Mo ti kó o fún Jùbrílù, nítorí òkúta wúwo jù fún àpò ìwé. Ìwé yìí ń gba Àgbádárìgì bọ̀, bí a ti máa ń ṣe nígbà tí mo wà nílé. Ẹ tẹ́ òkúta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì kí ẹ tó máa kà á lọ.

Ọkọ̀ wa ń wọn bí òkun ṣe jìn tó. Ọ̀gá kan wà nínú rẹ̀ tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti máa wo òkúta. Èmi ni mò ń fọ́ wọn, tí mò ń kọ orúkọ ibi tí a ti rí wọn. Òkè gíga kan wà ní etí ilẹ̀ ní Kamẹrúnù. Bí ẹ bá dúró níbẹ̀, tí ẹ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, tí ẹ sì yà sí apá òsì díẹ̀, ẹ ó kọ́kọ́ kan Fẹnandó Pó nínú òkun, lẹ́yìn náà Pirinsípè, lẹ́yìn náà Sáó Tomé. Wọ́n tò bí ilẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Iná ni ó kọ́ gbogbo wọn. Nísàlẹ̀ ilẹ̀, òkúta ń yọ́ bí òrí nínú agbada. Ibi tí ilẹ̀ bá ti sán ni ó ń gbà tú jáde sí ìsàlẹ̀ òkun. Omi á pa á, á dì, òmíràn á tún tú lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ga sí i títí orí rẹ̀ yóò fi yọ lókè omi. Ọjọ́ tí orí rẹ̀ bá yọ ni òjò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gé e lulẹ̀.

Èyí tí ó dúdú, tí ó mú bí àfọ́kù ìgò, ti òkè Kamẹrúnù ni. Àwọn àgbà ibẹ̀ fi ojú ara wọn rí iná lórí rẹ̀. Èyí tí ihò kún ara rẹ̀ bí àkàrà, Fẹnandó Pó ni. Òun náà ṣì jẹ́ ọmọdé, òkè rẹ̀ ṣì dúró gbọnrangandan. Èyí tí ó ti ń pọ́n, tí ẹ lè fi èékánná ha, Sáó Tomé ni. Èyí tí ó rí róbótó, Pirinsípè ni. Ẹ wò ó dáadáa: òun náà ní ihò rí, ṣùgbọ́n omi ti ń kán sínú rẹ̀ títí ohun funfun fi dì nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ rò ó wò, Bàbá, iye ọdún tí ìkán omi yóò fi dí ihò òkúta.

Ní Pirinsípè, àwọn òyìnbó Àgùdà gbẹ́ àtẹ̀gùn sára òkúta létí omi. Wọ́n kọ ọdún sí i lára: ó ti lé ní igba ọdún. Ẹsẹ̀ ènìyàn àti òjò ń lọ lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, síbẹ̀ ohun tí ó jẹ kò jìn ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Irú òkúta kan náà ni omi ti gé sí àfonífojì lẹ́yìn rẹ̀, tí ilé ìjọsìn mẹ́ta lè dúró lórí ara wọn nínú rẹ̀ kí a má rí wọn. Bí igba ọdún bá jẹ èékánná kan, ọdún mélòó ni yóò jẹ àfonífojì? Ẹgbàáta kò tó ó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ erékùṣù ni àbíkẹ́yìn. Òkun ti wà kí ó tó dé.

N kò fẹ́ tàn yín. Ohun kan wà tí kò yé èmi náà. Mo rò pé wọn yóò tò bí ọjọ́ orí wọn ṣe tò, àgbà lápá kan, ọmọdé lápá kejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pirinsípè ni ó gbó jù, ó sì wà láàárín. Mo bi ọ̀gá mi, ó họ orí.

Bí ẹ bá gba ẹ̀rí yìí, ọ̀rọ̀ kan péré ni kí ẹ kọ sí mi: Wọlé. N ó wọlé.

Ọmọ yín,
Theophilus Dìran


Aké, Abẹ́òkúta
20 oṣù Kẹfà, 1860

Dìran, ọmọ mi,

N kò mọ bí ó ti yẹ kí n kí ọ. Ṣé o wà láàyè? Ṣé wọ́n ń fún ọ jẹun?

Ọkùnrin kan tí Jùbrílù rán ni ó gbé ìdì kan lé ìyá rẹ lọ́wọ́ ní Ṣàpọ́n. Ó ní, “Ọmọ yín ní kí n fún yín,” ó sì bá tirẹ̀ lọ; Jùbrílù fúnra rẹ̀ kò sí nílé tí a ó fi bi í. Ìwé kò sí nínú rẹ̀. A tú u. Aṣọ ìbora tí ìyá rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ sí aró fún ọ, tí o dà borí ní òwúrọ̀ tí o lọ, òun ni a rí, tí a ti fà ya sí mẹ́rin. Òkúta kọ̀ọ̀kan wà nínú àkísà kọ̀ọ̀kan.

Mọ́níkẹ́ wò ó fìrí, ó ní, “Àrokò ni.”

Mo ní, “Ọmọ mi mọ̀wé. Bí ó bá ní ọ̀rọ̀, yóò kọ ọ́.”

Ó ní, “Ẹni tí wọ́n gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Tíṣà, ìwọ náà ṣe ẹrú rí. Ta ni ó fún ọ ní tádàwá níbẹ̀?”

O mọ̀ pé èmi ni mo máa ń sọ nínú kíláàsì pé ẹni tí ó bá mọ ìwé ti kúrò ní ẹni tí ń fi èédú àti ìyẹ́ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Dáhòmì kó àwọn ènìyàn wa lọ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, irú ìdì báyìí ni ó ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá: òkúta, èédú, àkísà. Gbogbo Aké ni ó mọ bí a ti ń kà á. Mọ́níkẹ́ sì kà á. Èyí tí ó dúdú bí èédú: ọjọ́ iwájú òun ṣókùnkùn. Èyí tí ihò kún ara rẹ̀: wọ́n ti lu ara òun jálajàla. Èyí tí ń rún lọ́wọ́: agbára òun ń tán lọ. Ó gbé èyí tí ó rí róbótó sókè, ó ní, “Ẹ dúpẹ́. Òkúta tó le nìyí. Kò tíì kú.” Aṣọ náà kò nílò ẹni tí yóò kà á.

Ìyá rẹ kò sunkún. Ó kó àkísà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so wọ́n pọ̀, ojú rẹ̀ kò sì ríran tó láti ki okùn bọ abẹ́rẹ́. Èmi ni mo bá a kì í.

Mo ń tún rò ó pé Jùbrílù rí ọ lẹ́yìn òyìnbó, ẹrù lórí rẹ. Ó sì rẹ́rìn-ín sí i! Ta ni ó ní ọ? Níbo ni? Bí ẹnìkan bá ń ka ìwé yìí fún ọ, mo bẹ ẹni náà kí ó fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí wa.

Bàbá rẹ


Fẹnandó Pó
28 oṣù Kẹjọ, 1860

[Mo gbà á ní 2 oṣù Kejì, 1861. Ó ní kí n má ṣí i. Mo ṣí i. — J. O.]

Bàbá,

Mo kí yín.

Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mẹrin, n kò sì mọ ohun tí mò ń kà. Àrokò? Ẹ̀yin tí ẹ lù mí lọ́wọ́ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, torí pé mo so ìyẹ́ adìyẹ mọ́ òwú, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn mi? Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ òkúta náà sí yín ní ojú ìwé mẹ́ta, pẹ̀lú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ẹ kò fi ẹnu kan ìwé náà rárá.

Ohun kan ni mo lè rò. Ẹ ti kà á, ó sì korò lẹ́nu yín, ẹ wá ń díbọ́n pé kò dé. Ẹ ti ṣe é rí: ẹ sọ fún Ìyá mi lẹ́ẹ̀mejì pé ìwé mi kò dé, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ kọ ọ́ sí mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wá ohun tí ẹ ní kí n wá. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ sọ ọ́ di èédú.

Mo fa aṣọ náà ya nítorí pé ó ti gbó. Ẹ bá mi bẹ Ìyá mi. Aṣọ náà nìkan ni ó bá mi rìn dé ibi tí mo dé, n kò sì ní aṣọ mìíràn tí mo fẹ́ràn tó láti fi di ẹ̀rí náà.

Ẹrú kọ́ ni mí. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ ń fẹ́ kí n gbọ́ ni pé ẹni tí ń gbé àpótí fún òyìnbó, ẹrú ni, mo ti gbọ́. N kò ní kọ̀wé mọ́.

Dìran


Aké, Abẹ́òkúta
9 oṣù Kẹwàá, 1860

Dìran, ọmọ mi,

Oṣù kẹrin nìyí, ìró rẹ kò sí. Ọ̀nà odò ṣí lónìí, ó tì lọ́la nítorí ogun Ìjàyè. Mo ń yára kọ èyí kí ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀pá tì tó ṣí.

Ìyá rẹ ti ta ìkòkò aró rẹ̀. Gbogbo wọn ni. Asiata aláró tí ó wà ní ìsàlẹ̀ wa ni ó rà wọ́n. Mo ní kí ó dúró díẹ̀, ó ní, “Dúró de kí ni? Ìkòkò ni yóò lọ ra Àjàdí padà àbí ẹnu ni?” Oríkì rẹ ni ó fi ń pè ọ́ látàárọ̀ dalẹ́ báyìí. A kò mọ ẹni tí a ó san ìràpadà náà fún. Ó di owó náà sínú igbá, ó gbé e sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn.

Mo ti ronú ohun kan, n kò sì tíì sọ fún un. Sọ fún ẹni tí ó ní ọ pé bàbá rẹ mọ̀wé kà, ó mọ̀wé kọ, ó mọ ìṣirò, ó lè kọ́ ọmọ. Mo ti di arúgbó, ṣùgbọ́n mo wúlò fún ẹni tí ó bá jókòó tì mí. Iṣẹ́ ẹrú kì í ṣe ohun tuntun sí mi. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí ẹsẹ̀ yìí bá gbà, n ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Èkó, n ó wá ọkọ̀ tí ń lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ. Kí ó mú mi, kí ó dá ọ sílẹ̀. Èmi ni mo lé ọ lọ sí ibi tí wọ́n ti rí ọ mú.

Mo gbé òkúta dúdú náà sórí tábìlì níwájú mi. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé n kò kà á bí ó ti yẹ.

Bàbá rẹ,
Josiah Olúbọ̀dé


Fẹnandó Pó
5 oṣù Kejìlá, 1860

[Mo gbà á ní 11 oṣù Kìíní, 1861. — J. O.]

Bàbá mi, Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúrò nílé! Ẹ jókòó sórí àga yín. Ẹ sọ fún Ìyá mi kí wọ́n gbé igbá náà kúrò lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni kò ní mi. Mo jẹun yó lánàá, iṣu ni, ó sì ta. Ara mi le. N kò wà ní oko ẹrú, n kò sì wà níbẹ̀ rí láyé mi.

Ìwé yín ti oṣù Kẹwàá ni ó là mí lójú. Ẹni tí ń díbọ́n kì í fi ara rẹ̀ ṣe pààrọ̀. Mo wá lọ bi akọ̀wé ọkọ̀ wa bí ìwé Abẹ́òkúta ti ń lọ. Ó wo ẹ̀yìn ìwé mi, ó ní, “Àgbádárìgì kẹ̀? Ó ti pẹ́ tí àpò ìwé yín ti ń bọ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ta ni ó sọ fún ọ pé Àgbádárìgì ni?” Mo ní bàbá mi ni, ní ọdún 1854. Gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà ìwé mi méjì ń bẹ ní Àgbádárìgì, bí eku kò bá tíì jẹ wọ́n. Ẹ rán ẹni tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé. Ti oṣù Karùn-ún ni kí ẹ kà. Gbogbo ọ̀rọ̀ òkúta wà nínú rẹ̀. Ti oṣù Kẹjọ, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fi iná sun ún láìṣí i. Mo kọ ọ́ nígbà tí n kò mọ nǹkan kan.

Ojú ń tì mí nítorí ìkòkò Ìyá mi.

Ọmọ yín,
Dìran


Aké, Abẹ́òkúta
10 oṣù Kejì, 1861

Dìran, ọmọ mi,

O kú ewu. Ẹ̀wù ọ̀fọ̀ tí a ti ń rán sínú ọkàn wa láti oṣù Kẹfà, a ti tú u. Nígbà tí mo ka “iṣu ni, ó sì ta” fún ìyá rẹ, ó ní kí n tún un kà. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo kà á.

Mo rán Bándélé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, lọ sí Àgbádárìgì. Inú àpótí aṣọ kan ni ó ti rí ìwé méjèèjì, wọ́n fi tẹ́ ìdí rẹ̀. O ní kí n sun èkejì. Mo ṣí i. Ó ti mọ́ mi lára láti máa pinnu ìwé tí ó yẹ kí a kà àti èyí tí kò yẹ, mo sì rò pé ẹ̀ẹ̀kan yìí ó yẹ kí n ka èyí tí yóò dùn mí. Ohun gbogbo tí o sọ nínú rẹ̀ tọ́ sí mi. N kò ní sun ún.

Ṣùgbọ́n ti oṣù Karùn-ún ni ó gbé mi ṣubú. “Lọ mú ẹ̀rí wá.” Dìran, n kò rántí pé mo sọ ọ́. Mo jókòó, mo wá a nínú orí mi bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, n kò rí i. Mo bi ìyá rẹ. Ó ní, “O sọ ọ́. Mo wà lójú fèrèsé. O sọ ọ́, o sì wọlé, o ní kí n bu omi fún ọ.” Mo mu omi. Ìwọ sì ru ọ̀rọ̀ náà lọ sí ojú òkun.

A tẹ́ òkúta náà sórí tábìlì bí o ti wí, mo sì kà á sókè. Mo ka iná, mo ka ìsàlẹ̀ òkun, mo ka àtẹ̀gùn àwọn Àgùdà. Mọ́níkẹ́ ní, “Kò sí àrokò níbẹ̀ rárá?” Mo ní kò sí. Ó ní, “Síbẹ̀, èyí róbótó yẹn, mo ní ó wà láàyè. Ṣé mo purọ́?” Nígbà tí mo dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé àwọn erékùṣù náà kò tò bí ọjọ́ orí wọn, mo gbé ìwé sílẹ̀. Mo ní kò yé mi, kò yé ọmọ, kò yé ọ̀gá rẹ̀ pàápàá.

Ìyá rẹ ní, “Kí ni ó ṣòro níbẹ̀? Ẹ wá sí ẹ̀yìnkùlé.”

Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀bá ògiri, níbi tí ó ń da eérú sí lẹ́yìn tí ó bá ti sẹ́ omi aró lára rẹ̀ tán. O mọ ibẹ̀. Òkìtì mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Ó fi ọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Ti ọdún tó kọjá nìyí, orí rẹ̀ ṣì mú. Ti àárín yìí, ọdún tí a dé láti Sàró ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wo bí òjò ti là á. Ìwọ náà ni o kọ́ ilé ewúrẹ́ síwájú rẹ̀ tí n kò fi ráyè débẹ̀ mọ́, mo bá bọ́ sí ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún. Nígbà tí ewúrẹ́ kú, mo padà wá sí ìpẹ̀kun ìhín, mo da méjì síbẹ̀. Wọ́n tò, nítorí pé ògiri tò. Ẹni tí ń da eérú ni ó mọ ibi tí òun kọ́kọ́ dà á sí.”

Bẹ́ẹ̀ ni ó sọ. Ó ti ń da eérú síbẹ̀ láti nǹkan bí ogún ọdún, mo sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ orí ayé. Mo tẹríba, mo fi ìka mi sínú ibi tí òjò ti gé. Ó gbà mí dé ọrùn ọwọ́, eérú lásán sì ni. Ìgbà náà ni ẹ̀rù òkúta bà mí.

Ní ọjọ́ Ajé mo wọ kíláàsì. Mo pa ẹgbàáta rẹ́ lójú pátákó. Wọ́n ní, “Tíṣà, kí ni kí a kọ síbẹ̀?” Mo ní n kò mọ̀. Mo sọ fún wọn pé mo na ọmọ mi ní iyàrá yìí nítorí ohun tí n kò mọ̀, àti pé ẹni tí ó bá lè kọ̀wé kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé Josiah Olúbọ̀dé ṣe àṣìṣe. Àwọn kan kọ ọ́. Olóyè ìjọ kan ti wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ náà, yóò sì tún wá. N kò sọ fún un pé Ọlọ́run kò dá ayé. Mo sọ fún un pé èmi ni mo ń ka ọdún fún Ọlọ́run, Ọlọ́run kò sì rán mi.

Má rò pé gbogbo rẹ̀ ti yé mi. Mo máa ń jí, mo máa ń wo òkúta tí ó ní ohun funfun nínú, mo máa ń rò pé ta ni ó dúró ti ìkán omi kọ̀ọ̀kan. N kò mọ ibi tí ó yẹ kí n gbé ẹsẹ̀ lé mọ́. Bóyá òtítọ́ ni ẹ̀rí rẹ, bóyá ẹlòmíràn yóò wá ní ọ̀la tí yóò sọ pé ó kù díẹ̀ káàtó. N kò lè ṣe adájọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ẹ̀rí náà ni n ó fi kọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ẹ̀rí kọ́ ni ó yẹ kí ọmọ fi wọ ilé bàbá rẹ̀. Ká ní òkúta lásán ni o rán, ká ní o kò tilẹ̀ rí nǹkan kan rán, ọ̀rọ̀ náà ì bá ṣì jẹ́ tìrẹ. Ó ti yẹ kí n sọ ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an, kí n tó béèrè omi.

Wọlé.

Bàbá rẹ,
Josiah Olúbọ̀dé

Asiata ti dá ìkòkò méjì padà. Ó ní òun kò tíì rẹ ewé èlú sínú wọn, òun kàn ń tọ́jú wọn ni, nítorí kò sí àrokò tí Mọ́níkẹ́ kà rí tí kò kà sí òdì.


Èkó
2 oṣù Kẹrin, 1861

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo gúnlẹ̀ lánàá. Wọ́n ní ọkọ̀ ọ̀pá kan yóò gòkè odò ní ọjọ́ mẹ́ta òní bí ọ̀nà bá ṣí, mo sì ti gba àyè nínú rẹ̀.

Mo fi àpótí òkúta sílẹ̀ fún ọ̀gá mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ òkìtì eérú fún un kí n tó kúrò. Ó mú gègé, ó bi mí pé kí ni orúkọ ìyá mi. Ẹ sọ fún Ìyá mi kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá òkìtì àárín náà títí n ó fi dé. Aṣọ funfun kan ni mo gbé bọ̀, kò tíì rí aró rárá. Inú ìkòkò àkọ́kọ́ tí Ìyá mi bá tún po aró sí ni yóò wọ̀.

Bàbá, ẹ má wá pàdé mi létí odò, nítorí ẹsẹ̀ yín. Ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ dúró sí, ibi tí ẹ dúró sí lọ́jọ́ náà. Mo ti ka “Wọlé” yẹn nínú ìwé. Mo fẹ́ gbọ́ ọ.

Dìran